Ogún Àwọn Júù ní Ìlà-Oòrùn Lọ́ńdọ̀nù: Bí A Ṣe Lè Lóye Ohun Tí Amọ̀nà Ń Fi Hàn Wá

Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Ìlú Ọba ló mọ Wentworth Street dáadáa, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a máa ń forí lé bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Liverpool Street láti lọ ra léèsì, àǹkárá àti gèlè fún aṣọ ẹbí. Ẹni tó bá ń yẹ aṣọ wò, tó ń ná an, kì í sábà gbé ojú sókè. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ojú sókè ní apá kan òpópónà náà, yóò rí ẹnu ọ̀nà gíga kan tí a fi bíríkì àti òkúta mọ, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a sì fín ọdún 1886 sí lára. Àwọn ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò dàgbà tó o rárá. Ẹnu ọ̀nà náà nìkan ló kù nínú ilé tó ni ín.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lè rí ènìyàn bí mẹ́wàá tàbí ogún tí wọ́n dúró yí amọ̀nà ká níbẹ̀. Ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ nípa ogún àwọn Júù ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó máa ń rú àwọn tó ń bá wọn rìn lójú ni pé, láàárín wákàtí bíi méjì tí ìrìn náà ń gbà, a óò fi mọ́ṣáláṣí hàn wọ́n, a óò fi ilé gbígbé àwọn olówó hàn wọ́n, a óò mú wọn gba iwájú ilé oúnjẹ àwọn ará Báńgládéṣì kọjá, wọ́n sì lè má rí ju sínágọ́gù kan tàbí méjì lọ tí àwọn Júù ṣì ń lò. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan tí a jọ rìn béèrè pé níbo gan-an ni àwọn Júù náà wà. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá ni à ń wò níbẹ̀, ìgbà mẹ́ta tó jìnnà síra sì ni wọ́n dé, láti ibi mẹ́ta tí kò jọra. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò ní mọ ohun tí amọ̀nà ń sọ mọ́ láti ìdúró kejì lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ dé wá láti Rouen ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn tí William ti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066. Lójú òfin ìgbà náà, ọba ló ni wọ́n: òun ló ń dáàbò bò wọ́n, òun náà ló sì ń gba iye owó tó bá wù ú lọ́wọ́ wọn. Ìjọ Kristẹni ka èlé gbígbà sí ẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ, ọ̀nà ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn sì ti dí mọ́ àwọn Júù, nítorí náà owó yíyá di iṣẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, ìkórìíra àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè sì tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ tí a dé Richard Kìíní ládé, ìyẹn ọjọ́ 3 oṣù September ọdún 1189, àwọn èrò kọlù wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sun ilé. Ọba Edward Kìíní fi òfin de èlé gbígbà ní ọdún 1275, nígbà tó sì di ọjọ́ 18 oṣù July ọdún 1290, ó pàṣẹ pé kí gbogbo Júù kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ojú wa lè rí nínú ìtàn ìgbà yìí kò pọ̀. Òpópónà kan wà nítòsí Bank tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Old Jewry títí di òní. Ní ọdún 2001 pẹ̀lú, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ibi ìwẹ̀nùmọ́ kan tí a fi òkúta kọ́ jáde ní Milk Street, èyí tí ìdílé Júù kan ń lò kí àṣẹ ọba tó lé wọn lọ. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà kì í tilẹ̀ mú èrò dé apá ibẹ̀. Wọ́n á kàn sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n á sì kọjá.

Lẹ́yìn náà, fún ọdún 366, kò sí ìjọ Júù kan tó jọ́sìn ní gbangba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Oliver Cromwell, tó ṣàkóso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí kò sí ọba lórí ìtẹ́, ló ṣe òfin kan tó fi pe àwọn Júù padà. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti lé àwọn Júù kúrò ní Sípéènì ní ọdún 1492, wọ́n sì ti fi ipá sọ àwọn ti Pọ́túgà di Kristẹni ní ọdún 1497. Àwọn ọmọ ọmọ wọn tó jẹ́ oníṣòwò dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń gbé níbẹ̀ bí ọmọ ìjọ Àgùdà láti ilẹ̀ Pọ́túgà àti Sípéènì, wọ́n sì ń pa ẹ̀sìn àwọn baba wọn mọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọdún 1655, Menasseh ben Israel, rábì kan láti Amsterdam, wá bẹ Cromwell pé kí ó jẹ́ kí àwọn Júù padà. Cromwell pe ìpàdé ní Whitehall ní oṣù December ọdún náà. Àwọn adájọ́ sọ níbẹ̀ pé kò sí òfin tó ní kí Júù má gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àṣẹ ọba ni ti ọdún 1290, ṣùgbọ́n ìpàdé náà túká láìfi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Ní ọdún 1656, nígbà tí ogun ń bẹ láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì, wọ́n gba ẹrù oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Antonio Robles nítorí pé wọ́n kà á sí ará Sípéènì. Ó dáhùn pé òun kì í ṣe ará Sípéènì, pé Júù láti Pọ́túgà ni òun. Wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún un. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti kúrò lára àwọn yòókù: wọ́n gba ilé kan ní Creechurch Lane, wọ́n sọ ọ́ di sínágọ́gù, wọ́n sì wá ilẹ̀ ìsìnkú sí Mile End ní ọdún 1657.

Bí ilé náà ṣe ń kún jù ni wọ́n kọ́ Bevis Marks, tí a ṣí ní ọdún 1701, tí àwọn Júù ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí di òní. Kò sí sínágọ́gù tí a ń lò ní gbogbo Ìlú Ọba tó dàgbà tó o. Joseph Avis tó kọ́ ọ kì í ṣe Júù, ọmọ ìjọ Quaker ni. Ẹni tó bá ń wá a lè kọjá lẹ́ẹ̀mejì kó má rí i, nítorí inú àgbàlá ló wà, lẹ́yìn géètì, kò dojú kọ òpópónà. Bí a bá wọlé, ohun tó kọ́kọ́ ń gba ojú ni àwọn àtùpà idẹ méje tí a so rọ̀ láti òkè, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, tí èyí tó tóbi jù nínú wọn jẹ́ ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ìjọ Amsterdam. Àbẹ́là ni wọ́n ṣì ń tàn sínú wọn nígbà àjọ̀dún àti ìgbéyàwó. Òpó méjìlá ló gbé àjà òkè tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí ró, gẹ́gẹ́ bí iye ẹ̀yà Ísírẹ́lì. Àwọn bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ tí kò ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan, tí ìlò ti mú kí ojú wọn máa dán. Láti Creechurch Lane ni wọ́n ti gbé wọn wá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí àkókò kò bá tó fún pa ibòmíràn tì, kó sì jókòó díẹ̀ sínú ilé yìí.

Àwọn Júù tó wá láti Sípéènì àti Pọ́túgà yìí ni à ń pè ní Sẹ̀fárdì. Àwọn tó wá láti Jámánì, Pólándì àti Rọ́ṣíà ni à ń pè ní Àṣkẹ́násì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò ní kúrò lẹ́nu amọ̀nà jálẹ̀ gbogbo ìrìn náà, a kì í sì í sábà ṣàlàyé wọn tó. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó wà nílé wa ṣe àpèjúwe. Ní Èkó ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú ti kó lọ padà wálé ní ọ̀nà méjì. Àwọn tó ti Brazil dé ni Àgùdà, wọ́n ń sọ èdè Potogí, wọ́n ń jẹ́ da Silva àti da Rocha, wọ́n sì tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Àwọn tó ti Sàró dé ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń lọ sí ìjọ Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n sì tẹ̀dó sí Olówógbowó. Orírun wọn kan náà ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn, orúkọ wọn, ilé wọn àti ìsìn wọn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sẹ̀fárdì àti Àṣkẹ́násì. Òfin Mósè kan náà ni wọ́n ń kà ní èdè Hébérù, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti ohùn tí wọ́n fi ń kọrin kò jọ ara wọn. Nígbà tí àwọn Àṣkẹ́násì pọ̀ díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọn kò dúró sí Bevis Marks. Wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ ní Duke's Place, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ibẹ̀. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì wó ilé yẹn lulẹ̀ ní oṣù May ọdún 1941, amọ̀nà a sì máa fi àmì tí a kàn mọ́ ara ògiri níbi tó wà hàn wá.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa tí a ń ka Bíbélì ní láti mọ̀. Sínágọ́gù kì í ṣe tẹ́ḿpìlì. Tẹ́ḿpìlì kan ṣoṣo ló wà, Jerúsálẹ́mù ló wà, àwọn ará Róòmù sì wó o ní ọdún 70. Ilé ìpéjọpọ̀ ni sínágọ́gù, fún àdúrà, fún kíka Òfin àti fún ẹ̀kọ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àtayébáyé, bí ọkùnrin Júù mẹ́wàá tó ti bàlágà bá pé jọ, ìjọ ti pé nìyẹn, yálà inú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà tàbí inú ilé ńlá. Ìwé kíká tí a fi ọwọ́ kọ Òfin sí ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ nínú ilé náà. Èkejì rẹ̀ ni pé òfin ọjọ́ Ìsinmi, tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kò gba ẹni tó bá ń pa á mọ́ láàyè láti wọ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi rìn lọ sí sínágọ́gù. Ẹni tó bá fi ohun méjèèjì yìí sọ́kàn yóò mọ ìdí tí sínágọ́gù kéékèèké fi pọ̀ láàárín òpópónà díẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi tètè ń kú: bí àwọn ìdílé bá ti kó lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ kò lè rìn dé, mẹ́wàá kò ní pé mọ́, wọn yóò gbé àwọn ìwé Òfin lọ, wọn yóò sì ta ilé.

Ní ọdún 1881, àwọn ọlọ̀tẹ̀ pa Tsar Alexander Kejì ti Rọ́ṣíà. Wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn Júù, wọ́n kọlù wọ́n láti ìlú dé ìlú, òfin tó tún le koko sì tẹ̀lé e ní ọdún 1882. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1914, àwọn Júù tó wọ Ìlú Ọba lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì dúró sí Whitechapel àti Spitalfields. Ibùdókọ̀ ojú omi kò jìnnà, iṣẹ́ aṣọ rírán wà níbẹ̀, àwọn alápatà tó ń pa ẹran ní ìlànà ẹ̀sìn wọn wà níbẹ̀, sínágọ́gù sì wà níbi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Mo fẹ́ kí èyí yé wa, nítorí a máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe àdúgbò náà ní gẹ́tò. Venice ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, níbi tí òfin ọdún 1516 ti há àwọn Júù mọ́ erékùṣù kékeré kan, tí a sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lálẹ́. Kò sí òfin tó há wọn mọ́ ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ìṣẹ́ ló kó wọn jọ síbẹ̀, pẹ̀lú èdè Yídíṣì tí gbogbo wọn ń sọ.

Ìṣẹ́ náà pọ̀, ògiri kan sì wà tó ń sọ ọ́ títí di òní. Ní Brune Street, wọ́n fín in sára iwájú ilé pupa kan, ní lẹ́tà ńlá, pé ibí ni wọ́n ti ń pín ọbẹ̀ fún àwọn Júù tó jẹ́ tálákà. Wọ́n fín àwòrán ìkòkò ọbẹ̀ sókè rẹ̀. Lórí ilẹ̀kùn kan, wọ́n kọ ọ́ pé ibí ni ọ̀nà àbáwọlé. Lórí òmíràn, pé ibí ni ọ̀nà àbájáde, nítorí ìlà àwọn tí ebi ń pa máa ń gùn. Ní apá kan, ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 1902. Ní apá kejì, 5662. Ọdún kan náà ni méjèèjì, nítorí àwọn Júù ń ka ọdún tiwọn láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé, ẹni tó bá sì fi 3760 kún ọdún tiwa yóò rí tiwọn, àyàfi láti ọdún tuntun wọn, ní September tàbí October, tó ń di 3761. Ọbẹ̀ pínpín dáwọ́ dúró níbẹ̀ ní ọdún 1992. Ilé gbígbé ni ó wà báyìí, owó rẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ sétí tálákà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró níwájú ilẹ̀kùn méjèèjì yìí, omi bọ́ lójú mi, nítorí mo ronú kan ìyá tó mú ọmọ dání, tó di abọ́ mú, tó sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ àkọlé yẹn wọlé lójú gbogbo ènìyàn.

Nítòsí ibẹ̀, ní Bell Lane, ni ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àwọn Júù wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lé ní 4,000 ní nǹkan bí ọdún 1900, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yídíṣì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ogun wó o. Ẹnu ọ̀nà Wentworth Street tí mo fi bẹ̀rẹ̀ náà jẹ́ ti ìgbà yìí. Ilé-iṣẹ́ kan tí Nathan Rothschild àti àwọn Júù olówó mìíràn dá sílẹ̀ ní ọdún 1885 ló kọ́ ilé náà fún àwọn òṣìṣẹ́, ní àdéhùn pé èrè tí àwọn tó fi owó síbẹ̀ máa gbà kò ní ju mẹ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún, kí owó ilé má bàa wọ́n jù. Ìyẹn ni ìtumọ̀ "Four Per Cent" tí a fín sí òkè ẹnu ọ̀nà náà.

Ibi tí gbogbo àlàyé yìí ti pàdé ni nọ́ńbà 59 ní Brick Lane. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ Faransé tí a ń pè ní Huguenot, tí wọ́n sá kúrò nílùú wọn, tí wọ́n ń hun sẹ́dà, ló kọ́ ilé náà ní ọdún 1743 fún ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì lò ó lẹ́yìn wọn. Ní ọdún 1898, ó di sínágọ́gù àwọn Júù tó ti Rọ́ṣíà àti Pólándì wá. Ní ọdún 1976, ó di mọ́ṣáláṣí àwọn ará Báńgládéṣì, òun náà ló sì wà títí di òní. Lókè ògiri rẹ̀, agogo olóòrùn ti àwọn Huguenot ṣì wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Látìnì méjì: *Umbra sumus*, òjìji ni wá. Ẹnikẹ́ni kò lé àwọn Júù kúrò nínú ilé yẹn. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ti kó lọ ni, mẹ́wàá kò pé mọ́.

Ibo ni wọ́n kó lọ? Bí iṣẹ́ ṣe ń gbè wọ́n ni àwọn ìdílé ń kúrò nínú yàrá híhá, wọ́n ń lọ sí Hackney, Stamford Hill, Golders Green àti Hendon, bọ́ǹbù ọdún 1940 àti 1941 sì mú kí ìṣípòpadà náà yára. Ẹni tó bá fẹ́ rí àdúgbò tí àwọn Júù pọ̀ sí lónìí, apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni kó lọ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè ẹni tí a jọ rìn fi ní ìdáhùn tó rọrùn: wọ́n wà, wọ́n ti ṣí lọ ni. Díẹ̀ ṣì kù. Ìjọ Sandys Row, tí àwọn Júù láti Nẹ́dálándì dá sílẹ̀ ní ọdún 1854, ṣì ń jọ́sìn nínú ilé tí òun náà ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Huguenot tẹ́lẹ̀. Ní Brick Lane náà, a ṣì lè ra búrẹ́dì olóruka tí wọ́n ń bọ̀ nínú omi gbígbóná kí wọ́n tó yan án, tọ̀sán-tòru.

Àwọn amọ̀nà kan máa ń rìn dé Cable Street pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 4 oṣù October ọdún 1936, àwọn Júù, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó jẹ́ ará Ireland àtàwọn mìíràn fi ẹrù dí ojú ọ̀nà, wọ́n ko àwọn ọlọ́pàá tó fẹ́ lànà fún olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Oswald Mosley àti àwọn fásíìsì rẹ̀ tó kórìíra àwọn Júù lójú, títí ìwọ́de náà fi yẹ̀ lọ́nà. Àwòrán ńlá kan tí a parí ní ọdún 1983 wà lára ògiri níbẹ̀ láti rántí ọjọ́ náà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má fi sí ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ọjọ́ Ìsinmi ni, sínágọ́gù kì í sì í gba àlejò ìrìn àfẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ bo orí, wọ́n sì sábà máa ń ní fìlà fún àwọn tí kò mú tiwọn wá. Kí a má bínú bí wọ́n bá yẹ báàgì wa wò. Bí a bá ti ń kọjá lára àwọn ilé àtijọ́, kí a máa wo òpó ilẹ̀kùn ní apá ọ̀tún ẹni tó ń wọlé: níbi tí ọ̀dà ti bo ihò kéékèèké méjì tó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n kan àpótí kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ nígbà kan, tí a fi ọ̀rọ̀ inú ìwé Diutarónómì sí nínú.

Ọ̀pọ̀ ìrìn yìí ń bẹ̀rẹ̀ tàbí ń parí sí iwájú ibùdókọ̀ Liverpool Street, níbi ère àwọn ọmọdé kan tí wọ́n dúró pẹ̀lú àpótí ẹrù wọn. Frank Meisler ló ṣe é ní ọdún 2006. Òun náà wà lára àwọn ọmọ bí 10,000, Júù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, tí wọ́n kó kúrò lábẹ́ Hitler wá sí Ìlú Ọba láàárín December 1938 àti September 1939. Èmi kò kà wọ́n mọ́ àwọn mẹ́ta tí mo sọ, nítorí wọn kò bá àdúgbò náà gbé: ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn dé Harwich, ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé ibí, àwọn tó gbà wọ́n sọ́dọ̀ sì mú wọn lọ káàkiri. Púpọ̀ nínú wọn kò rí òbí wọn mọ́ láé. Ẹ̀gbẹ́ ère yìí ni a máa ń gbà kọjá bí a bá ń lọ ra léèsì.